Ṣé Dandan Ni Kí Àrùn Jáde Kí Ara Tó Yá?

Ní Kàbà níbi tí mò ń gbé, bí èèyàn bá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí pé Ọlọ́run wo òun sàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìjọ ń retí lẹ́nu rẹ̀: pé àìsàn náà ti lọ. A ò fẹ́ gbọ́ pé ó dín kù, a ò fẹ́ gbọ́ pé ó rọlẹ̀. Kó lọ pátápátá, kí dókítà yẹ ara wò títí kó má rí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni Halelúyà máa ń dún. Ẹni tó bá ní òun ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ òun ń jí láàárọ̀, òun ń lọ sóko, òun ń tọ́jú ọmọ-ọmọ òun, a ó ní kó máa gbàdúrà sí i. A kì í kà á mọ́ àwọn tí Ọlọ́run ti wò sàn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: ṣé dandan ni kí àrùn jáde kí a tó lè sọ pé ara yá?

Ìbéèrè náà ká mi lára. Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn rẹ̀ ló máa ń gbé orin wa ró. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n gbàdúrà fún un níbi ìsọjí kan, ó jẹ́rìí pé ó ti lọ, ó sì kó oògùn rẹ̀ dànù. Nígbà tí òùngbẹ àti ìtọ̀ òru tún bẹ̀rẹ̀, ojú tì í láti sọ. Ta ni yóò padà síwájú ìjọ láti sọ pé ẹ̀rí òun ti yẹ̀? Ó dákẹ́ títí egbò fi mú un lẹ́sẹ̀, tí wọ́n fi gé méjì nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà nìkan kọ́ ló gé ìka yẹn. Ojú tí a fi ń wo ìwòsàn wà lára ohun tó gé e.

Bàọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn ní ọ̀nà Òkénè. Ìdáhùn tí mo ní sí ìbéèrè yìí, inú oko ẹ̀gẹ́ ló ti wá, nítorí náà ẹ jẹ́ ká jọ dé ìdí ẹ̀gẹ́ kan.

Ẹ wo àwọn ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti kákò, wọn ò tóbi tó bó ṣe yẹ. Lára ewé kan náà, ibì kan tutù yọ̀yọ̀, ibì kan sì ti di àwọ̀ ìyeyè. Ìka ewé kan gùn, èyí tó tẹ̀ lé e kúrú, ó sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wá gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀ lára igi náà. Bí ojú ṣe ń gòkè ni àwọ̀ ìyeyè náà ń dín kù. Àwọn ewé tó rú lẹ́yìn náà mọ́ kedere, ìka wọn gùn dọ́gba, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Àgbẹ̀ tí oko wa pààlà dúró tì í lọ́jọ́ kan, ó ní, “Okun o, Ìyá. Ẹ̀gẹ́ yín yìí mà ti bọ́.” Mo ní, “Okun, ọmọ mi. Ó ti bọ́ lóòótọ́, àmọ́ àrùn náà ṣì wà nínú rẹ̀.” Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin Ìyá, ẹ mú ọ̀kan. Kò lè jẹ́ méjèèjì.” Mo ní méjèèjì ni.

Àrùn náà ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Àwọn Potogí ló gbé ẹ̀gẹ́ wá sí Áfíríkà láti Bùràsíìlì ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Níbi tó ti wá, kò mọ àrùn yìí rárá. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti pàdé rẹ̀. Ọdún 1894 ni Warburg, ọmọ Jámánì, kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, ní agbègbè tó di Tanzania lónìí. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kòkòrò funfun bíńtín kan tó máa ń wà lábẹ́ ewé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bemisia tabaci, ló ń gbé e láti igi dé igi. Àwa àgbẹ̀ náà sì ń gbé e kiri, nígbà tí a bá gé igi ẹ̀gẹ́ tó ní àrùn, tí a tún fi gbin oko tuntun. Ohun tó wà nínú fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún ò ju DNA róbótó méjì lọ, lẹ́tà bí 2,800 péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, prótíìnì ló sì bò wọ́n. Kì í jẹun, kì í mí, kò lè dá bí irú ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́ ló ń lò láti ṣe gbogbo rẹ̀.

Kí ni sẹ́ẹ̀lì wá ń ṣe? Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọlé, tó ń fi ohun èlò onílé da ara rẹ̀ kọ, á máa ṣẹlẹ̀ pé okùn RNA rẹ̀ méjì á lẹ̀ mọ́ra. Irú okùn gígùn tó lẹ̀ pọ̀ báyẹn ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, nítorí náà bó bá ti rí i, ó mọ̀ pé àlejò ti dé. Prótíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Dicer á gé okùn náà sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju lẹ́tà 21, 22 tàbí 24 lọ. Prótíìnì mìíràn, Argonaute, á mú ọ̀kan nínú wẹ́wẹ́ náà dání, á máa fi wá RNA tó bá a mu káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì, bí ọdẹ ìlú ṣe máa ń mú àkísà tó já lára aṣọ olè dání, tí á máa fi wé aṣọ gbogbo ẹni tó bá pàdé. RNA tó bá ti bá wẹ́wẹ́ náà mu, á gé e. Ní ti DNA fáírọ́ọ̀sì, sẹ́ẹ̀lì lè lẹ kẹ́míkà kékeré kan tó ń jẹ́ methyl mọ́ ọn lára, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má ṣeé kà mọ́.

Wẹ́wẹ́ wọ̀nyí kì í sì í dúró sójú kan. Àlàfo tóóró wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń bá omi tó ń gbé oúnjẹ kiri inú igi lọ, wọ́n sì ń dé ibi tí ewé tuntun ti ń rú. Ewé tí kò tíì là ti mọ ọ̀tá kí ọ̀tá tó kàn án. Ìdí nìyẹn tí ewé òkè fi mọ́ tí ti ìsàlẹ̀ fi kákò.

Ọdún 1928 ni Wingard, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa tábà tí àrùn mú ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ewé òkè sì rú láìlábùkù. Ó fi ohun tó rí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ó di 1997 àti 1999 kí David Baulcombe àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi hàn pé RNA ló wà nídìí rẹ̀. Ní 2004, Chellappan, Vanitharani àti Fauquet ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ gan-an: igi tí wẹ́wẹ́ RNA yìí bá pọ̀ nínú rẹ̀ ni ara rẹ̀ ń yá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn pẹ̀lú Francis Ogbe tún rí i pé bí ooru bá kúrò ní ìwọ̀n Celsius 25 tó dé 30, wẹ́wẹ́ náà á pọ̀ sí i, àmì àrùn á sì rọlẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí nìyí. Bí ẹ bá já ewé tó mọ́ kedere yẹn, tí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwádìí, wọ́n lè bá fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Ó kéré gan-an, àmọ́ ó wà. Ẹ̀gẹ́ náà kò lé e jáde. Ohun tó ṣe ni pé kò jẹ́ kó ráyè sọ̀rọ̀, kò sì sinmi lórí iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tó bá dáwọ́ dúró ni fáírọ́ọ̀sì á tún gbérí. Fáírọ́ọ̀sì náà kì í kúkú ṣe òmùgọ̀. Ó ní prótíìnì kan tí wọ́n ń pè ní AC4 tó lè gbá irú wẹ́wẹ́ RNA bẹ́ẹ̀ mú, kí iṣẹ́ wọn dàrú; ó ní òmíràn, AC2, tó ń tú ètò ààbò sẹ́ẹ̀lì ká. Ní Uganda, nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ, oríṣi méjì fáírọ́ọ̀sì yìí pàdé nínú igi kan náà, wọ́n pààrọ̀ apá kan DNA wọn, wọ́n sì di ohun tó burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àgbẹ̀ púpọ̀ fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ebi sì dé. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ mọ́ lónìí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìlera rẹ̀ jẹ́ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, kì í ṣe ohun tó gbà lẹ́ẹ̀kan tó sì gbé sápò.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ohun ọ̀gbìn ń gbà jà, mo sì fẹ́ mẹ́nu bà á nítorí òun ló jọ àdúrà wa jù. Ọdún 1929 ni Holmes ṣàlàyé pé bí fáírọ́ọ̀sì tábà bá wọ ewé irú tábà kan, ojú ibi tó ti wọlé nìkan ló máa ń kú, á di ojú dúdú ròbótó kékeré, àrùn kò sì ní tàn kọjá ibẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá wọ̀ pa ara rẹ̀, ó sì há ọ̀tá mọ́ inú òkú rẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n tó yọ èròjà ìran tó ń ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní N, sọ́tọ̀. Bí mo bá gbọ́ àwọn ará tí wọ́n ń jágbe lóru pé kí ọ̀tá wọn kú, kó kú, kó kú, ọ̀nà kejì yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ná ewé náà. Ẹran ara rẹ̀ ló fi há ọ̀tá mọ́. Bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì bá dé bá ní òun yóò kú, igi ò ní kù. Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ohun ọ̀gbìn fi ní ọ̀nà méjì lọ́wọ́, tí ó sì jẹ́ pé èyí tó ń jẹ́ kí ara máa bá ìgbésí ayé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọ̀tá nínú ilé ni ẹ̀gẹ́ inú oko mi gbára lé.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ìgbà wo ni ọgbọ́n ewéko di ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́? Èmi gbà pé ẹni tó dá ẹ̀gẹ́ ló dá wa, bó ṣe ń tọ́jú ọ̀kan sì lè kọ́ wa ní nǹkan nípa bó ṣe ń tọ́jú èkejì. Àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ìwé Mímọ́ pàápàá kò bá mi jà. Jákọ́bù jìjàkadì títí ilẹ̀ fi mọ́, ó gba ìbùkún, ó sì ń tiro lọ. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ̀gún kúrò lára òun. A ò kà á níbì kankan pé ó kúrò, a kà pé ó gba oore-ọ̀fẹ́ tó tó fún un. Kí àwọn baba wa tó gbọ́ ìhìn rere, wọ́n ti ní ẹni òrìṣà: abuké, àfín, arọ. Wọn kì í dúró de ọjọ́ tí iké á tẹ́ kí wọ́n tó bu ọlá fún un. Wọ́n gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá wà lára rẹ̀ bó ṣe rí yẹn.

Àtakò tó lágbára jù ni ti Ṣọ̀pọ̀ná. Ó ti pa wá tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án, Olóde ni wọ́n ń pè é. Òun náà fáírọ́ọ̀sì ni, ó sì lọ pátápátá: àjọ ìlera àgbáyé kéde ní 1980 pé kò sí mọ́ láyé. Ṣé ó yẹ ká fara mọ́ ọn ni? Rárá o. Àrùn tí a bá lè lé lọ, ká lé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbogbo ẹni tó gún wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mi ò sì sọ pé Jésù ò wo adẹ́tẹ̀ sàn, tàbí pé kò lè ṣe é mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwòsàn tí àrùn ti lọ jẹ́ ọ̀kan, kì í ṣe òun nìkan ló wà. Bí a bá sọ ọ́ di òun nìkan, a ti sọ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tó ní HIV, pé Ọlọ́run kò tíì débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò ò fi rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ẹni tó bá bá sùn. Ó ṣì wà nínú ara rẹ̀, àmọ́ kò lè jáde lọ pa ẹlòmíràn lára. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ ìwòsàn, kí ni ká pè é?

Ẹ̀gẹ́ tún kọ́ mi ní nǹkan kan tó le ju èyí lọ. Ẹ̀gẹ́ tó bọ́ lè mọ́ lójú, síbẹ̀ kí kòkòrò funfun fa omi lára rẹ̀, kó sì gbé àrùn lọ sí oko aládùúgbò mi. Nítorí náà, ara tó yá bẹ́ẹ̀ jẹ gbèsè: gbèsè òtítọ́. Mi ò gbọ́dọ̀ gé igi rẹ̀ fún aládùúgbò mi kí n ní kó má bẹ̀rù. Orí igi tó mọ́ jù ni mo máa ń gé tí mo bá fẹ́ gbìn, nítorí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà dé gbogbo ibi lára ẹ̀gẹ́ tó bá lágbára, òmíràn nínú igi bẹ́ẹ̀ á sì hù láìní àrùn. Èyí tó bá kákò látìgbà tó ti hù, mo máa ń fà á tu. Ẹ̀rí èké tí ọ̀rẹ́ mi há sínú rẹ̀ kò fàyè gba irú òtítọ́ yìí. Ẹni tí a bá fipá mú láti sọ pé àrùn ti lọ kò lè sọ fún aya rẹ̀, fún dókítà, fún ọmọ rẹ̀, pé ó ṣì wà.

Ní ti ẹ̀gẹ́ tó lágbára, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń gbin irú rẹ̀ kí onímọ̀ kankan tó mọ̀ ọ́n. Inú ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà kan tí wọ́n pè ní TME3 ni wọ́n ti rí agbára tí wọ́n ń pè ní CMD2. Ọdún 2022 ni wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀: ìyípadà kékeré kan ló bá prótíìnì tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ń lò láti da DNA rẹ̀ kọ, èyí tí fáírọ́ọ̀sì náà máa ń yá lò. Wọn ò rí nǹkan kan tó yí padà lára ọ̀tá. Onílé ló yí padà díẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èèyàn náà ń kó àwọn àlejò àtijọ́ kiri nínú ara. Nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún DNA wa ló jẹ́ àjẹkù fáírọ́ọ̀sì tó wọ inú àwọn baba ńlá wa láìmọye ọdún sẹ́yìn, tí kò sì jáde mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn prótíìnì tó ti ibẹ̀ wá, syncytin, ló ń so àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ pọ̀, kí oúnjẹ lè gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú oyún. Ibi ọmọ tí a máa ń fi ọ̀wọ̀ sin sílẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ abiyamọ, ohun tí àrùn àtijọ́ fi sílẹ̀ wà lára ohun tó mú un ṣiṣẹ́. Mi ò wí pé gbogbo àrùn ló máa di oore. Púpọ̀ nínú wọn ò ní dà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì pa èèyàn kí wọ́n tó lọ. Àmọ́ kò sí ara kan láyé tó mọ́ tán pátápátá. Bí Ọlọ́run bá ń dúró de irú ara bẹ́ẹ̀ kó tó fi ìwòsàn sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wò sàn.

Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn àlùfáà wa, àwọn pásítọ̀ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ń darí ètò ìjẹ́rìí ní gbogbo ilẹ̀ Okun, láti Owé dé Yàgbà, pé kí ẹ fàyè sílẹ̀ fún ẹ̀rí mìíràn. Ẹ jẹ́ kí obìnrin kan lè dìde kó ní: mo ní ìtọ̀ ṣúgà, mò ń lo oògùn mi, mo wà láàyè, ẹ bá mi yin Olúwa. Kí ìlù dún fún òun náà. Ẹni tó bá ń bá àrùn jà lójoojúmọ́, tí kò fi í pamọ́ fún aládùúgbò rẹ̀, tó sì ń so èso, Ọlọ́run ń wò ó sàn lọ́wọ́. Kò tọ́ kí ìjọ dúró de ìgbà tí ìjà bá parí kó tó bá a dúpẹ́.